Táyà Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Táyà kan tí kò tíì kan títì rí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì télọ̀. Inú ọ̀rá ló wà, ọ̀rá náà wà nínú àpò, okùn sì wà lẹ́nu àpò náà. Ní gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù, télọ̀ máa ń fà á jáde, á tú u, á da òróró máṣíìnì ìránṣọ sórí àkísà, á sì máa fi pa á lára díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń pa ọmọ tuntun lára, títí yóò fi máa dán. Lẹ́yìn náà, á tún un dì, á tì í padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níhà ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn sí. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ títí pé yàrá àwọn ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Èsì kan náà ni télọ̀ máa ń fún un.

"Ọjọ́ ń bọ̀ tí wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ òórùn yẹn."

Ọjọ́ náà dé ní ọjọ́ Ajé kan.

Ọmọbìnrin wọn, tí gbogbo ilé ń pè ní Nọ́ọ̀sì láti ìgbà tó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ti rí iṣẹ́. Lẹ́tà ilé ìwòsàn náà wà lórí tábìlì, wọ́n fi ife omi lé e kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n ìlà karùn-ún ni gbogbo wọn ti mọ̀ sórí: kó fara hàn ní ọ́fíìsì wọn kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó tẹ̀lé e. Ìrìn wákàtí mẹ́ta ló wà láàárín ìlú wọn àti ibẹ̀. Télọ̀ ní ọmọ òun kò ní bá èrò há mọ́ inú bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ àkọ́kọ́. Òun fúnra òun ni òun máa gbé e lọ nínú mọ́tò òun, kí wọ́n lè rí i pé ilé kan ló ti wá.

Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́jọ àárọ̀, àpótí méjèèjì ti wà nínú búùtù. Bàtà kan já bọ́ nínú ẹrù, ìyá Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ojú rẹ̀ sì bá táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó wò ó. Ó tún un wò.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, táyà yín yọ kókó."

"Kókó wo?" Télọ̀ ń nu gíláàsì iwájú. Kò dúró.

"Ẹ wá wò ó. Ó dà bí ẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń ro."

Télọ̀ wá. Lóòótọ́, nǹkan kan yọ lára ẹ̀gbẹ́ táyà náà, ó tó ẹyin adìẹ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀, ó sì tún yọ padà.

"Afẹ́fẹ́ lásán ni."

"Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni. Kí ló ń wá níta?"

Ẹni tó dáhùn kì í ṣe télọ̀. Tíṣà ni, ìyẹn bàbá àgbàlagbà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, kò sì ní ohunkóhun ṣe nínú ìrìn-àjò náà, àfi pé ọmọ rẹ̀ kan ń gbé ní ìlú tí wọ́n ń lọ, ó sì ti gbọ́ pé àyè kan ṣẹ́ kù nínú mọ́tò. Láti agogo méje ààbọ̀ ló ti jókòó síwájú, tó gbé àpò ìwé rẹ̀ lé itan.

"Kókó kékeré bẹ́ẹ̀ ò lè dá wa dúró," ó wí, kò bojú wẹ̀yìn. "Ẹ wọlé ká máa lọ. Oòrùn ti ń mú."

"Tíṣà, ẹ̀yin ẹ ò tíì rí i," ìyá Nọ́ọ̀sì wí.

"Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń júwe ẹ̀. Ó kéré."

"Ọmọ mi kan ṣoṣo ò ní fi wákàtí mẹ́ta jókòó sórí kókó."

"Iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún lèmi jókòó sí, ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni kókó wà. Kí òun jókòó sí ọwọ́ òsì."

Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò pẹ̀lú àpamọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́tà wà nínú rẹ̀, ó sì ń wo aago ọwọ́. Kò dá sí ọ̀rọ̀ náà. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé bí àwọn òbí òun bá ń jà lórí mọ́tò, ẹni tó bá dá sí i ni wọ́n máa jọ kọjú ìjà sí.

Ohun tó ya gbogbo wọn lẹ́nu ni pé télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ wà ní ìgun ẹnu rẹ̀, ó wá tàn ká gbogbo ojú.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì," ó wí, "kí ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọlé lọ, ó gbé àpò náà jáde lórí, àwọn ará ilé sì jáde sí ẹnu ọ̀nà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti wò ó. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ nípa táyà náà, kò sí èyí tó rí i rí. Ó tú okùn, ó bọ́ àpò, ó bọ́ ọ̀rá. Táyà náà dúdú, ó ń dán débi pé èèyàn lè gẹ irùngbọ̀n nínú rẹ̀. Àwọn irun rọ́bà wínníwínní tó máa ń wà lára táyà tuntun ṣì wà lára rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án," télọ̀ wí fún àwọn ará ilé. "Mi ò jẹ́ kí eruku bà lé e."

Òótọ́ ló sọ. Nínú ọdún mẹ́sàn-án náà, kò dín ní ogún ìgbà tí táyà jò lẹ́sẹ̀ mọ́tò rẹ̀ lójú ọ̀nà, tó jẹ́ pé ó fi ẹsẹ̀ yí i lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́, nígbà tí èyí tó yẹ kó wà nínú búùtù ń sinmi nílé.

Nítorí pé rọ́bà lásán ni, tí kò sí rímù irin nínú rẹ̀, wọ́n ní láti gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó wà ní ìkóríta. Télọ̀ wa mọ́tò lọ ní ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀, Tíṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àti ọmọ ń rìn bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń ṣọ́ kókó náà bó ṣe ń yí lọ sókè, tó ń yí wá sílẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe fọkanáísà náà, nítorí kò sí ohun tó lè mú un yára. Bí oníbàárà bá ń pariwo, á nu ọwọ́ ná. Bí òjò bá ń bọ̀, á wo òjò náà ná. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bàbá kan wà níwájú wọn pẹ̀lú táyà kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́rin, Jẹ́jẹ́ sì lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́. Ó ti di agogo mẹ́wàá kí ó tó kàn wọ́n.

Ó gbé jáàkì sábẹ́ mọ́tò. Ó ní kí Tíṣà sọ̀ kalẹ̀. Tíṣà ní òun ò wúwo. Jẹ́jẹ́ kò jà, ó kàn ń gbé mọ́tò sókè díẹ̀díẹ̀ títí Tíṣà fi dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì, ó sì wà bẹ́ẹ̀.

Jẹ́jẹ́ tú ẹsẹ̀ mọ́tò náà, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán, ó fi irin pẹlẹbẹ méjì yọ rọ́bà kúrò lára rímù. Lẹ́yìn náà ló pe télọ̀.

"Bàbá, ẹ ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, níbi tí kókó wà. Kí lẹ bá níbẹ̀?"

Télọ̀ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Nǹkan kan ya."

"Aṣọ ló ya. Aṣọ ló wà nínú táyà. Wọ́n á to okùn òwú báyìí, wọ́n á to òmíràn gba orí ẹ̀ kọjá báyìí, kí wọ́n tó fi rọ́bà bò ó. Ẹ̀ ń rò pé rọ́bà ló ń di afẹ́fẹ́ mú? Rọ́bà ò lágbára ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé kò jẹ́ kó jò. Òwú ló ń dì í mú. Ẹ ti já sí kòtò kan tó le, òwú ibẹ̀ já, ó wá ku rọ́bà nìkan tó ń gbìyànjú."

Ìka télọ̀ ṣì wà nínú táyà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń rán aṣọ.

"Ìyẹn ni pé ojú aṣọ ló kù," ó wí. "Aṣọ inú ti fà ya."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n."

Inú télọ̀ dùn sí àlàyé náà débi pé ó gbàgbé pé ìyà ara òun ni wọ́n ń là yé òun. Ó fi táyà tirẹ̀ lé Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ bí ẹni tó ń fa ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́.

Jẹ́jẹ́ gbà á. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè tẹ̀, ibi tó ń dán náà sì là sí ìlà wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀, bí gìgísẹ̀ ẹni tí kì í wọ bàtà.

"Ẹ̀yin lẹ ń pa á lóróró?"

"Oṣooṣù," télọ̀ wí, ó na àyà. "Òróró máṣíìnì. Ojúlówó."

Jẹ́jẹ́ nu ọwọ́. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Bàbá, òróró ló ń jẹ rọ́bà. Ẹni tó bá fẹ́ ba rọ́bà jẹ́ láìfi ọ̀bẹ kàn án, ohun tó máa ṣe gan-an lẹ ṣe yẹn."

Ìyá Nọ́ọ̀sì yí ojú sí ọ̀nà ilé wọn, níhà ibi tí yàrá wọn wà, ó sì wo ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣùgbọ́n tuntun ni," télọ̀ wí. "Kò kan ilẹ̀ rí. Wo irun ara ẹ̀."

Jẹ́jẹ́ fi àkísà tútù nu ẹ̀gbẹ́ táyà náà. Dúdú rẹ̀ kó sára àkísà, ibi tí ó nù sì di eléérú. Láàárín àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà níbẹ̀, nọ́ḿbà mẹ́rin kan jókòó sínú àmì tó rí bí ẹ̀wà. 2210 ni.

"Ẹ rí èyí? Méjì iwájú ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é. Méjì ẹ̀yìn ni ọdún. Ọ̀sẹ̀ kejìlélógún, ọdún 2010."

Télọ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń fi òróró pa nọ́ḿbà yẹn.

"Mo rò pé ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé ni," ó wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"2010," ìyá Nọ́ọ̀sì wí. Ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ ló fi máa ń ka ọdún. "Nọ́ọ̀sì wà ní kíláàsì kejì. Ìgbà tí eyín iwájú ẹ̀ yọ. Nígbà tí ẹ ra táyà yìí ńkọ́?"

"Mo ti wọ girama," Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ọdún kẹta."

"Ìyẹn ni pé ó ti lo ọdún méje lọ́wọ́ wọn, kó tó wá lo mẹ́sàn-án lábẹ́ wa."

"Kò rìn," télọ̀ wí. Ó ti ń gbóná. "Ohun tí kò rìn, báwo ló ṣe máa gbó?"

"Bàbá tó bí bàbá mi ò kúrò lórí àga fún ọdún mẹ́wàá," Jẹ́jẹ́ wí. "Ó gbó."

Ó wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, láìgbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń lẹ ihò. Táyà tí àwọn ẹlòmíràn lókè òkun ti kọ̀, nítorí ó ti pẹ́ jù nínú ilé ìkẹ́rùsí, ni wọ́n ń rà lówó pọ́ọ́kú. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi oògùn dúdú pa á, wọ́n á fi bébà aláwọ̀ góòlù wé e, wọ́n á sì gbé e sójú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹni tó kó o wá mọ̀. Ẹni tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò ní bodè kó tó wọlé mọ̀. Ẹni tó tà á fún yín mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa gùn ún nìkan ni kò mọ̀."

"Ìwọ náà mọ̀," ìyá Nọ́ọ̀sì wí. "Gbogbo ìgbà tí a ń wá síbí, o ò sọ fún wa."

"Ẹ ò bi mí rí, mà. Ẹ ní kí n fún un lafẹ́fẹ́, mo sì ń fún un lafẹ́fẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó gbé e sí i," Tíṣà ké láti inú mọ́tò tó dagun. "Wákàtí mẹ́ta péré la fẹ́ lò ó fún."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fún télọ̀ lágbára. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ gbé e sí i. Ìyàwó rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ gbé e sí i. Télọ̀ ní ta ló ni mọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ ní ta ló ni ọmọ. Jẹ́jẹ́ dúró láàárín wọn pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ méjì, ó ń retí pé kí wọ́n parí rẹ̀, títí Nọ́ọ̀sì fi sọ pé agogo mọ́kànlá ti lù. Nígbà náà ni Jẹ́jẹ́ sọ pé òun á fi í sórí rímù, òun á sì fún un lafẹ́fẹ́ kí gbogbo wọn lè rí i. Ó kan ní kí wọ́n lọ dúró lẹ́yìn ògiri búlọ́ọ̀kù tó wà níbẹ̀, kí Tíṣà náà sì jọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Lẹ́yìn ògiri, kí la fẹ́ ṣe níbẹ̀?" Tíṣà bèèrè. Ṣùgbọ́n ó sọ̀ kalẹ̀.

Jẹ́jẹ́ tẹ́ táyà náà sílẹ̀, ó so ọ̀pá afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ó tan máṣíìnì. Ó lọ sẹ́yìn bí okùn ọ̀pá náà ṣe gùn mọ, ó ń wo aago kékeré tó ń sọ iye afẹ́fẹ́. Ó pé mẹ́wàá. Ó pé ogún. Télọ̀ yọ orí lẹ́yìn ògiri, ojú rẹ̀ kún fún ìrètí. Nígbà tó kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ohùn kan jáde lára táyà náà, kékeré, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa aṣọ tuntun ya. Télọ̀ mọ ohùn náà ju gbogbo wọn lọ.

Jẹ́jẹ́ sọ ọ̀pá afẹ́fẹ́ nù, ó sì sá. Àwọn ará àdúgbò tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì ń sọ ọ́ di báyìí pé àwọn rí Jẹ́jẹ́ tó sáré.

Táyà náà bẹ́. Eruku gbéra nílẹ̀, àwọn ajá bẹ̀rẹ̀ sí gbó, ìyá kan tó ń kọjá lọ jókòó sílẹ̀ láìmọ ìgbà tó jókòó. Nígbà tí eruku wálẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà náà ti là ní ìwọ̀n apá kan, àwọn òwú inú rẹ̀ sì yọ síta wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́.

Télọ̀ rìn lọ síbi tí ọ̀rá rẹ̀ wà. Ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ lórí àpò tó ti ká tẹ́lẹ̀, ó sì kó méjèèjì sí abẹ́ apá.

"Àwọn mẹ́ta tó kù lára mọ́tò ńkọ́?" ìyàwó rẹ̀ bèèrè. Kò fi ìbínú bèèrè rẹ̀ mọ́.

Jẹ́jẹ́ lọ yí mọ́tò náà po. Ó nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kà á. Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn ti pé ọdún mẹ́rìnlá. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Owó táyà tuntun kan tó owó tí télọ̀ ń gbà lórí ogójì ṣòkòtò ilé-ìwé, mẹ́rin sì ni mọ́tò ń fẹ́.

"Bàbá mi," Nọ́ọ̀sì wí, "ẹ jẹ́ n lọ sí gáréèjì."

Télọ̀ wo mọ́tò rẹ̀ tó dúró lórí jáàkì. Ó ṣí búùtù, ó gbé àpótí tó wúwo jù, ó gbé e lé orí, ó sì mú ọ̀nà gáréèjì pọ̀n. Ìyá gbé èkejì. Nígbà tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, Tíṣà ti ń lọ ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú àpò ìwé rẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan kan tí òun gbé ka iná.

Ẹ̀yìn ọjà ni gáréèjì wà. Bọ́ọ̀sì èlérò mẹ́rìnlá kan ló wà lórí ìlà, ó ku ẹnì kan kó kún. Tíṣà jókòó síwájú rẹ̀.

"Ẹ yára," ó wí fún wọn, ojú kò tì í rárá. "Ẹ̀yin là ń dúró dè."

Nọ́ọ̀sì ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè nígbà tí bàbá rẹ̀ sọ àpótí kalẹ̀.

"Dúró ná."

Ó fa aṣọ ìnujú yọ, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, ó ń nù ún. Dẹ́rẹ́bà, ọkùnrin sìǹgbọnlẹ̀ kan tó dé fìlà sẹ́yìn orí, ń jẹ búrẹ́dì. Ó wò ó títí.

"Bàbá, ṣé mọ́tò lẹ fẹ́ wọ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ fi ṣaya?"

"Mo ń kàwé," télọ̀ dáhùn láti ilẹ̀.

Ó ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dọ̀tí. "Kì í ṣe èyí," ó wí fún ọmọ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kejì wà lẹ́yìn, kò sí ẹyọ èrò kan nínú rẹ̀. Télọ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú ìyẹn náà, ó kà á yí po. Ọdún kejì ni mẹ́ta nínú wọn wà, ọ̀kan jẹ́ ọdún mẹ́rin. "Èyí ni."

Ìyá Nọ́ọ̀sì fa ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ́ọ̀sì yẹn ṣófo. Ẹ mọ̀ pé bí kò bá kún kì í lọ. Agogo méjì á ti lù kó tó kún. Iṣẹ́ ọmọ yìí ńkọ́?"

"Mo mọ̀."

"Agogo mẹ́rin ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà."

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, mo mọ̀. Ìwọ lo rí kókó láàárọ̀. O fẹ́ kí n má rí i báyìí?"

Nọ́ọ̀sì wo bọ́ọ̀sì tó fẹ́ẹ̀ kún, ó wo èyí tó ṣófo, ó wo aago. Ó rìn lọ wọ èyí tó ṣófo, ó jókòó sí ìlà àárín, ó sì gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ lé itan bí ẹni tó wà nílé ìjọsìn. Àwọn àyè tó yí i ká pọ̀ débi pé ìyá rẹ̀ kò lè wò ó.

"Ẹ má dá bàbá yẹn lóhùn," dẹ́rẹ́bà ń sọ fún àwọn èrò rẹ̀. "Èèyàn kan péré ló kù, mo ń gbéra."

Obìnrin kan tó gbé ọmọ ọwọ́ lẹ́sẹ̀ yọ orí lójú fèrèsé ẹ̀yìn.

"Bàbá," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kà?"

"Ọdún tí wọ́n ṣe táyà ni, ọmọ mi."

"Ẹ bá mi ka èyí tó wà lábẹ́ mi."

Télọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá."

Obìnrin náà ronú díẹ̀. Ó na ọmọ rẹ̀ jáde lójú fèrèsé fún ìyá Nọ́ọ̀sì, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó gba ọmọ rẹ̀ padà, ó sì lọ wọ bọ́ọ̀sì kejì. Ọkùnrin tó jókòó tì í yọ orí sí àyè tó fi sílẹ̀. Ó ní orí táyà kan náà ni òun wà, ṣé kò sí ìyàtọ̀ níhà tòun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Dẹ́rẹ́bà dúró sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó na apá méjèèjì, ó ní owó tí òun ti gbà kò ní padà. Ìyẹn ló wá bí àwọn tó kù nínú. Ọ̀gá gáréèjì jáde, ó gbọ́ ẹjọ́ náà láti ẹnu èèyàn mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kó dá owó padà.

Ó wá ku Tíṣà nìkan. Ó jókòó síwájú, ó ń wo ọ̀kánkán.

"Télọ̀," ó wí nígbà tó yá. "Èyí tó wà lábẹ́ èmi ńkọ́?"

"Òun ló dàgbà jù nínú wọn, Tíṣà. 0813. Ọdún mẹ́tàlá."

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ bó ṣe ṣe é, ó ti wà níwájú bọ́ọ̀sì kejì, ó ti gbé àpò ìwé rẹ̀ lé itan, ó sì ń bèèrè ohun tí wọ́n tún ń dúró dè.

Nígbà tí agogo méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n gbéra. Nọ́ọ̀sì juwọ́ lẹ́ẹ̀kan. Télọ̀ ń wo àwọn táyà títí bọ́ọ̀sì fi yà ní kọ̀rọ̀.

Wọn kò lọ sílé. Ìyá Nọ́ọ̀sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì gáréèjì, ó gbé fóònù sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní òun ò ní dìde níbẹ̀ títí fóònù náà fi máa dún. Télọ̀ jókòó tì í. Ó ra búrẹ́dì àti ẹyin sísè, ó bó ẹyin náà, ó fún un ní èyí tó tóbi. Lọ́ọ̀kánkán wọn, dẹ́rẹ́bà jókòó sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì rẹ̀ tó ṣófo, ó kọjú sí wọn, ó sì ń fi ojú gún wọn. Èrò ń bọ̀, èrò ń lọ. Ìròyìn ti tàn káàkiri ọjà, kò sẹ́ni tó wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀.

Agogo mẹ́ta kọjá. Ó di mẹ́ta ààbọ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì wo fóònù bóyá ó ti kú.

"Tí kò bá tètè dé ńkọ́?" ó bèèrè.

Télọ̀ ká ọ̀rá rẹ̀ kéré sí i.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí agogo mẹ́rin lù, fóònù dún. Ìyá gbé e sétí. "Wọ́n ti gbà ọ́? O ti fọwọ́ sí i? Ṣé orúkọ rẹ lo kọ dáadáa?" Ó gbé fóònù náà fún ọkọ rẹ̀, ó fi etí ìborùn nu ojú. Télọ̀ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ó ní "Ó dáa," ó ní "Ó dáa, ó dáa." Nọ́ọ̀sì ní Tíṣà kí wọn. Ó sùn lé àpò ìwé rẹ̀ níwájú láti ìdajì ọ̀nà.

Wọ́n dìde láti máa lọ. Wọ́n ti rìn ìgbésẹ̀ bíi mélòó kan nígbà tí dẹ́rẹ́bà pè.

"Bàbá."

Télọ̀ dúró. Ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin sìǹgbọnlẹ̀ náà ti bọ́ fìlà, ó sì ti lóṣòó ti táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ń fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé.

"Èwo ni ọdún níbẹ̀?"

Télọ̀ padà lọ. Ó lóṣòó tì í, ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ nu ibẹ̀, ó fi ìka hàn án: ọ̀sẹ̀ rèé, ọdún rèé. Dẹ́rẹ́bà kà á sínú.

"Tuntun ni wọ́n ní ó jẹ́," ó wí. "Àná kọ́, ìjẹta kọ́. Oṣù tó kọjá ni mo rà á."

"Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn," télọ̀ wí, ó sì sún mọ́ táyà kejì kí wọ́n lè jọ kà á.